Owó Oṣù Olóṣèlú, Sáà Wọn Lórí Àga, àti Olè Jíjà Nínú Ìjọba

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín fún àwọn tí iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá.)

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí á wá sọ kì í ṣe tuntun ní káńtíìnì wa. Ó tún gbóná janjan ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí alága àjọ RMAFC, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa dá owó oṣù lé àwọn olóyè ìjọba lórí, jáde síta pé owó tí a ń san fún Ààrẹ àti àwọn mínísítà ti kéré jù. Ó ní láti ọdún 2008 ni wọn kò ti fi kún un, pé mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà ni Ààrẹ ń gbà lóṣù, pé ti mínísítà kò tó mílíọ̀nù kan. Ó wá sọ ohun tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, pé ẹni tí a ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún, a kò lè retí kó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ó na ọwọ́ sí nǹkan mìíràn. NLC kò gbà fún un, wọ́n sì sọ ọ́ síta láìfi bò.

Láti ìgbà náà ni káńtíìnì ti pín sí mẹ́ta. Àwọn kan nínú yín ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, pé kí á san owó gidi fún wọn kí wọ́n lè jáwọ́ nínú olè. Àwọn kejì ní bí a bá da gbogbo omi Ọ̀sà sí ọ̀fun olóṣèlú, kò ní yó. Àwọn kẹta ní sáà méjì-méjì yìí ló ń ba nǹkan jẹ́, pé kí á fún wọn ní sáà kan ṣoṣo tó gùn, kí wọ́n má baà fi ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ wá owó ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ààrẹ Jonathan gbé irú àbá yìí jáde ní ọdún 2011, àwọn ará ìlú kò sì gbà á, ọ̀pọ̀ rò pé ara rẹ̀ ló ń ṣe é fún.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ti owó oṣù. Bí ó bá jẹ́ pé owó kékeré ló ń sọ ènìyàn di olè, àwa òṣìṣẹ́ ni ìbá jẹ́ olórí olè ní Nàìjíríà. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000. Ìjọba Èkó fi tirẹ̀ sí ₦85,000 ní ọdún kan náà. Ẹni tó ń gba irú owó yìí ni wọ́n fi ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí tí ọjà ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà wà nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ọjà pé. Ṣé nítorí pé ó yó ni? Rárá o. Ìwé wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, sùpáfáísọ̀ ń fọwọ́ sí i, ọ̀dítọ̀ ń bọ̀ láìsọ ọjọ́. Bí a bá sì ń jáde ní géètì nírọ̀lẹ́, wọ́n ń tú báàgì wa wò, títí kan abọ́ oúnjẹ tí a ti jẹ tán. A ti bá àwọn ọ̀gá jà lórí àyẹ̀wò géètì yìí, pàápàá lórí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan àwọn obìnrin wa lára, ìjà náà sì tọ́, a kò ní dẹ́kun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: géètì wo ni olóṣèlú ń gbà jáde?

A kò ní lọ jìnnà kí á tó rí ẹ̀rí. Ní ìparí ọdún 1974 ni ìjọba Gowon tẹ́wọ́ gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ Udoji. Owó òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù lọ fò sókè láti ₦312 lọ́dún sí ₦720, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀gá ńlá gba tiwọn, tiwọn sì gbé pẹ́ẹ́lí ju ti mẹ̀kúnnù lọ. Àwọn àgbà wa tó wà ní iléeṣẹ́ aládàáni ní láti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 kí wọ́n tó rí tiwọn gbà, ọjà sì ti gbówó lórí kí wọ́n tó gbà á. Ẹ bi àwọn tí wọ́n ti dàgbà nígbà náà, wọn kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ Udoji. Ǹjẹ́ ẹ̀gúnjẹ dín kù ní ọ́fíìsì ìjọba? Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí Murtala Mohammed fi gbàjọba, tí ó sì lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ju 10,000 lọ, ìwà ìbàjẹ́ sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀. (Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn kò gbọ́ tẹnu wọn kí wọ́n tó lé wọn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò sì lè yin irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Àwọn gómìnà ìgbà Gowon ńkọ́? Ìpínlẹ̀ 12 ló wà, gómìnà 12. Ẹlòmíràn nínú wọn lo ọdún mẹ́jọ gbáko láìsí ẹni tó dìbò fún un. Nígbà tí Murtala ní kí wọ́n wádìí wọn, mẹ́wàá ni wọ́n rí pé wọ́n fi ipò wọn kó ọrọ̀ jọ lọ́nà ẹ̀bùrú. Méjì péré ló yọ: Mọbọ́lájí Johnson ti Èkó wa níhìn-ín, àti Olúwọlé Rótìmí ti Ìwọ̀ Oòrùn. Ìjọba kan náà ló ń sanwó fún gbogbo wọn. Bí owó oṣù bá jẹ́ òògùn olè, kí ló dé tó jẹ́ méjì nínú méjìlá ló wò sàn? Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, orúkọ Johnson yìí ni ilé ìdúró ọkọ̀ náà ń jẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Látẹ́ẹ̀fù Jákáńdè dé ní ọdún 1979. Ilé ara rẹ̀ ní Ìlúpéjú, ní tòsí wa níhìn-ín, ló ń gbé nígbà tó ń ṣe gómìnà, mọ́tò ara rẹ̀ ló sì ń gùn. Láàárín ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀, kí àwọn ológun tó dé ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, ó kọ́ iléèwé káàkiri, ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú ní Ìsọlọ̀, ní Àmúwo, ní Abẹ́sàn. Àwọn kan nínú wa níhìn-ín, inú ilé wọ̀nyí ni wọ́n gbé tọ́ ọmọ wọn dàgbà. A kò gbọ́ pé ó sọ pé owó oṣù òun kò tó òun jẹ.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní òdì. Pé Johnson àti Jákáńdè ṣe dáadáa kò túmọ̀ sí pé kí á máa jókòó de ènìyàn rere. Ẹni rere kì í pọ̀ tó iye ìpínlẹ̀ 36. Iléeṣẹ́ tó bá gbé gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ìwà rere lọ́wọ́ yóò kógbá wọlé láàárín ọdún kan.

Ẹ̀yin awakọ̀, èyí tó kàn yìí jẹ mọ́ tiyín gan-an. Ní ọdún 2010, ìjọba Ghana sọ owó oṣù ọlọ́pàá wọn di ìlọ́po méjì. Wọ́n retí pé bí ọlọ́pàá bá yó, yóò yé dá awakọ̀ dúró gba ẹ̀gúnjẹ. Àwọn olùwádìí méjì, Foltz àti Opoku-Agyemang, wá gbé àkọsílẹ̀ àwọn awakọ̀ tírélà yẹ̀ wò, ìrìn àjò tó ju 2,000 lọ lójú ọ̀nà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n kọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ awakọ̀ ní ìdúró kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí a bá fi ọlọ́pàá Ghana wé àwọn tí a kò fi kún owó wọn, ọlọ́pàá tí a fi kún tirẹ̀ túbọ̀ tẹpá mọ́ ẹ̀gúnjẹ ni, iye tó ń gbà sì lọ sókè! Èrò tiwa lórí rẹ̀ ni pé owó rẹ̀ ló yí padà, iye ojú tó ń wò ó kò yí padà. Ẹni tó ti bọ́ sí ipò gíga, ìnáwó rẹ̀ á bá a gòkè, àwọn ará ilé rẹ̀ náà á sì retí ohun tó ju ti àná lọ.

Àwọn kan máa ń dárúkọ Singapore, níbi tí mínísítà ti ń gbà ju mílíọ̀nù kan dọ́là ibẹ̀ lọ lọ́dún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ìdajì tó kù fún yín. Láti ọdún 1952, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí san owó ńlá yẹn, ni àjọ tí ń ṣọ́ ẹ̀gúnjẹ ti wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn mínísítà àná wọn, Iswaran, sẹ́wọ̀n oṣù 12 nítorí ó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn. Owó ńlá wà níbẹ̀, géètì náà sì wà níbẹ̀. Àwọn tiwa fẹ́ gbé owó náà wálé, kí wọ́n sì fi géètì sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Wàyí o, kí ni olóṣèlú tiwa ń gbà gan-an? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di bojúbojú. RMAFC sọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 pé ₦1,063,860 ni owó oṣù àti àjẹmọ́nú sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ẹ ó rí i pé iye yẹn nìkan tó owó òṣìṣẹ́ 15. Ṣùgbọ́n ní oṣù kan náà ni Sẹ́nétọ̀ Sumaila Kawu láti Kano sọ fún BBC Hausa pé owó oṣù òun kò tó mílíọ̀nù kan, àmọ́ owó ìnáwó ọ́fíìsì tí òun ń gbà lé e lórí jẹ́ mílíọ̀nù 21 lóṣù. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ní ọdún 2018, Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani láti Kaduna ti sọ pé ₦750,000 ni owó oṣù, ₦13.5 mílíọ̀nù sì ni owó ìnáwó ọ́fíìsì. Ẹ fi mílíọ̀nù 21 wé ₦70,000: owó òṣìṣẹ́ 300 ni, oṣù kan, ọ́fíìsì kan.

Nítorí náà, ẹni tó ń bá wa jiyàn bóyá kí á fi kún owó oṣù tàbí kí á má fi kún un, ó ń tọ́ka sí àpò kékeré kí á má baà wo àpò ńlá. Àpò kékeré wà nínú òfin, iye rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Àpò ńlá, àwọn fúnra wọn ló ń pín in láàárín ara wọn nínú ìnáwó ilé aṣòfin, ẹni tó bá sì sọ ọ́ síta, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa wò ó bí ọ̀dàlẹ̀. Ti àwọn gómìnà ni owó ààbò, tí wọ́n ń pè ní security vote. Wọn kì í jábọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ Transparency International fojú bù ú ní ọdún 2018 pé gbogbo owó ààbò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa ju mílíọ̀nù 600 dọ́là Amẹ́ríkà lọ lọ́dún.

Ẹ sì rántí ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí jálá epo dà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ náà sì mọ̀. Wọ́n ní kí á ṣe sùúrù, kí á fún ìgbànú mọ́ ìdí. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ ra ọkọ̀ jíìpù fún àwọn aṣòfin àpapọ̀, ₦160 mílíọ̀nù owó ọkọ̀ kan. A ṣírò rẹ̀ ní ọjọ́ kan nígbà ìsinmi ọ̀sán: ẹni tó ń gba ₦70,000 yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 190 láìjẹun, láìsan owó ilé, kó tó ra ọkan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ sáà. Ìwé òfin ọdún 1979 àti ti ọdún 1999 ló fi í lélẹ̀ pé Ààrẹ tàbí gómìnà kò gbọdọ̀ ju sáà méjì lọ, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. A mọ ìdí rẹ̀. Gowon ti ṣèlérí pé òun yóò gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1976, ó sì sọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1974 pé kò ṣeé ṣe mọ́. Ẹ kúkú wo aládùúgbò wa Togo. Eyadéma gbàjọba ní 1967, ó yí òfin padà ní 2002 kí sáà má baà dá a dúró, ó kú sórí àga ní 2005, ọmọ rẹ̀ sì gbà á. Ní 2024 wọ́n tún yí ìwé òfin padà, oyè mìíràn ni ọmọ náà ń jẹ báyìí, kò sì sí iye sáà tó dá a dúró lórí rẹ̀. Ohun tí àwa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2006, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Abuja da àbá tó máa gba sáà kẹta fún Ọbásanjọ́ nù. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn dára, a sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí wọ́n má baà sọ pé ẹnu wa kì í yin ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé sáà méjì nìkan tó láti pa olè, kó gbọ́ ti Brazil. Láti ọdún 2003 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń ṣẹ́ kèké mú ìlú tí wọn yóò lọ yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ méjì, Ferraz àti Finan, kó àbọ̀ àwọn ọ̀dítọ̀ jọ. Wọ́n rí i pé olórí ìlú tó ṣì lè padà wá tọrọ ìbò ń kó owó jẹ ní ìwọ̀n ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ẹni tí sáà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí kò lè padà wá mọ́. Ẹni tí kò ní í tún bá wa pàdé, kò bẹ̀rù ojú wa mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sáà kan ṣoṣo, ibí ni kí ẹ ti dá wa lóhùn. Sáà kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti búra fún un ni kò ti nílò wa mọ́.

Ṣé kí á wá pa òfin sáà méjì rẹ́ nígbà náà? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Nítorí ní ilẹ̀ tiwa, ìparí sáà ní iṣẹ́ kan tí kò sí ní Brazil. Abala 308 ìwé òfin ọdún 1999 ní a kò gbọdọ̀ pe Ààrẹ, gómìnà tàbí igbákejì wọn lẹ́jọ́ nígbà tí wọ́n bá wà lórí oyè. Kò sí ìgbà tí ilé ẹjọ́ lè fọwọ́ kàn wọ́n àfi bí wọ́n bá kúrò. Ọjọ́ tí sáà bá pé ni géètì wọn. Òun nìkan ni wọ́n ní. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, kò sí géètì kankan mọ́.

Ẹ wo bí géètì náà ti rí. James Ibori ṣe gómìnà Delta láti 1999 títí di 2007. Nígbà tó kúrò, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ níhìn-ín, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Asaba sì dá a sílẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀sùn 170 ní oṣù kejìlá ọdún 2009. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti gbà pé òun jẹ̀bi ní 2012, níwájú adájọ́ wọn, tí wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n ọdún 13. Joshua Dariye ti Plateau àti Jolly Nyame ti Taraba ṣe tiwọn láti 1999 títí di 2007 bákan náà. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ tó dá wọn lẹ́bi, ọdún 11 lẹ́yìn tí wọ́n kúrò lórí oyè. Sẹ́nétọ̀ sì ni Dariye ní ọjọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi! Ní 2022, ìjọba dárí jì wọ́n, wọ́n jáde. Lucky Igbinedion ti Edo bá ìjọba dúnàádúrà ní 2008, ilé ẹjọ́ sì ní kó san owó ìtanràn ₦3.5 mílíọ̀nù. Ẹ fi èyí wé ọmọ iṣẹ́ tó gbé wáyà tàbí bẹ́líìtì ẹ̀rọ jáde: lọ́jọ́ kan náà ni yóò sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Géètì náà wà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló ń sùn. Ohun mìíràn tún wà: ẹni tó mọ̀ pé géètì wà níwájú yóò wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀nà kan ni kó fi ẹni tirẹ̀ sórí àga. Ọ̀nà kejì ni kó bọ́ sí ilé aṣòfin, nítorí àwọn aṣòfin kò ní iye sáà kankan. Àwa ará Surulere mọ èyí dáadáa. Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà ṣojú Surulere kìn-ín-ní ní Abuja láti 2003 títí di 2023, ogún ọdún, ó sì di olórí ilé náà ní 2019. A kò fi ẹ̀sùn kankan kàn án o, ìbò ló ń gbé e wọlé, òfin kò sì dá a dúró. À ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé òfin sáà tí a ń pariwo rẹ̀ kò dé ilé tí wọ́n ti ń pín àpò ńlá. Lórí bóyá kí á fi sáà lé àwọn aṣòfin náà, ọ̀rọ̀ kò tíì yé ara wa láàárín àwa aṣojú ṣọ́ọ̀pù. Àwọn kan nínú wa ní sáà mẹ́ta tó. Àwọn kan ní aṣòfin tuntun kì í mọ ọ̀nà, pé àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ni yóò máa yí i po.

Ọ̀nà kẹta ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 ní kí gómìnà tó bá lo sáà rẹ̀ tán máa gba iye owó oṣù tí gómìnà tó wà lórí àga ń gbà, títí ayé rẹ̀, kí wọ́n kọ́ ilé fún un ní Èkó àti ní Abuja, kí wọ́n sì fún un ní ọkọ̀ tuntun mẹ́fà ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ọdún mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà. Àwa ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó wa sí owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù, ọ̀gá ń dá 10 sí i bí òfin ọdún 2014 ti wí (bí ó bá rántí láti san án), a ó sì ṣe é fún ọdún 30 tàbí 35. Gómìnà Sanwó-Olú sọ nígbà tó ń ka ìṣúná ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 pé òun fẹ́ kí wọ́n pa òfin yìí rẹ́. Nígbà tó dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ ní 2021, wọ́n ní kí á dín in kù ni, wọn kò gbà láti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n pípa á rẹ́ ṣeé ṣe, nítorí Zamfara pa tirẹ̀ rẹ́ ní 2019. Ní ọdún 2019 kan náà, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Èkó níhìn-ín, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ SERAP pè, pàṣẹ kí ìjọba àpapọ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì padà lọ́wọ́ àwọn gómìnà àná tó tún di mínísítà tàbí sẹ́nétọ̀, tí wọ́n ń gba méjì pọ̀.

Kí á tó lọ síbi àbá wa, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ̀rọ̀ ilé. Olóṣèlú tó bá gbọ́ wa yóò bi wá pé, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa fi ìwé owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọọdún. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín, ẹ̀tọ́ yín ni láti rí ibi tó ń lọ. Akápò wa lẹ ìwé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń lu káàdì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá láìwò ó, ẹ dákun, ẹ máa wò ó. Bí ẹ kò bá bi wá, a ó gbàgbé pé ẹ lè bi wá.

Àbá tí àwa aṣojú ṣọ́ọ̀pù gbé wá nìyí, tí a fẹ́ kí ẹ̀ka wa fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. A ní kí ẹgbẹ́ wa má ṣe fọwọ́ sí àfikún kankan sí owó oṣù olóṣèlú títí wọn yóò fi tẹ owó ìnáwó ọ́fíìsì aṣòfin kọ̀ọ̀kan jáde, lóṣooṣù, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi rà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi kún un lẹ́yìn náà, ọjọ́ kan náà tí wọ́n bá ń yẹ owó oṣù tó kéré jù lọ wò ni kí wọ́n yẹ tiwọn wò, kí ìdá tí wọ́n bá fi kún tiwọn má ṣe ju ìdá tí wọ́n bá fi kún tiwa lọ. A ní kí òfin sáà méjì dúró bó ṣe wà, kí wọ́n má fi sáà kan dípò rẹ̀, kí wọ́n sì yọ olè jíjà kúrò nínú ohun tí abala 308 ń bò mọ́lẹ̀. A ní kí Ilé Ìgbìmọ̀ Èkó pa òfin ọdún 2007 náà rẹ́ pátápátá.

Ìkan tó kù, a kò nílò Abuja fún un. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn. Mushin àti Surulere wà lábẹ́ ìdájọ́ yìí, ọ́fíìsì wọn kò sì jìnnà sí ibi tí a jókòó sí. A fẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta-mẹ́ta tí yóò kọ ìwé sí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bèèrè iye tó wọlé ní ọdún tó kọjá àti ọ̀nà tàbí gọ́tà tí wọ́n fi ṣe. A ó tẹ èsì wọn sínú ìwé ìròyìn yìí. Bí wọn kò bá fèsì, a ó tẹ ìyẹn náà.

Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lórí àbá náà, a ó sì máa dìbò lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹni tí kò fẹ́ ọ̀kan lè fẹ́ ìyókù. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ àti àwọn tó máa wà lójú ọ̀nà lè kọ ìbò tiwọn sínú ìwé, kí wọ́n fi í lé aṣojú ṣọ́ọ̀pù wọn lọ́wọ́ kí ó tó di ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ wà lára àwọn mẹ́ta tí yóò lọ sí Mushin tàbí Surulere, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú káàdì ẹgbẹ́ yín dání.